Ọwọ́ Tó Kọ́kọ́ Kan Mọ́tò Ìyá Rọra

Orin tí kò lórí tí kò nídìí ni ọmọ kan ń kọ lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí sítíárìn di òfìfo lọ́wọ́ Ìyá Rọra. Ó yí i sósì, táyà ò dá a lóhùn. Ó tún yí i, ó kàn ń yí lásán bí ọmọrí ìkòkò tí ọmọdé fi ń ṣeré. Àwọn ọmọ ilé ìwé kún ẹ̀yìn fọ́fọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ níwájú, ó tóbi bí ilé. Kò sí àyè àdúrà gígùn. Obìnrin náà fi gbogbo ara tẹ bíréèkì, ọkọ̀ fà tìì, táyà iwájú lọ gbá etí gọ́tà gbàgà, ó dúró. Ọkọ̀ akẹ́rù kọjá tòun ti fèrè àti èébú.

"Màmá, ṣé a ti dé ni?" ni ọmọ olórin bi í.

"A ò tíì dé. Ẹ jókòó síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn."

Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

Àwọn ọmọ tó ń gbé lọ sílé ìwé yìí náà ló sọ ọ́ ní Ìyá Rọra. Bó bá ti wà nídìí ọkọ̀, "Rọra o!" ló ń sọ fún gbogbo ayé: fún ẹni tó gun alùpùpù, fún ewúrẹ́, fún dírẹ́bà tó ń sáré bí ẹni tí gbèsè ń lé. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Tẹ́lẹ̀, ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ni obìnrin náà máa ń dúró sí, á máa pe èrò, á máa gba owó, baálé á máa wakọ̀. Nígbà tí ojú baálé wá ń ṣú, tó ń rí igi kan bí igi méjì, wọ́n pààrọ̀ ìjókòó: ìyàwó bọ́ sídìí sítíárìn, ọkọ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn aláròká ò sinmi. Wọ́n ní irú ayé wo nìyí, tí obìnrin ń wakọ̀, tí ọkùnrin jókòó bí ẹrù. Baálé ní, "Ẹrù ni mí lóòótọ́, ẹrù tó jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹsẹ̀ lálẹ̀ nínú oòrùn ńkọ́?"

Nígbà tí ọkọ̀ àtijọ́ yẹn kú pátápátá ni Ìyá Rọra lọ ra òmíràn lọ́dọ̀ Kò-Séwu. Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ àlòkù ládùúgbò yẹn mọ Kò-Séwu. Ọkùnrin tó tẹ́nu dáadáa ni, aṣọ rẹ̀ kì í ní ìdọ̀tí, ó máa ń fi òróró pa táyà bí ìgbà téèyàn ń fi ìpara ra ọmọ tuntun. Béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, "Kò séwu" ni. Ìlẹ̀kùn yìí ò pa dé dáadáa. Kò séwu. Èéfín ń jáde níbí yìí. Kò séwu. Obìnrin náà wa ọkọ̀ náà yí ká ọgbà, ó ní òun ń gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀, ó ń dún kẹ̀ẹ̀.

"Màmá, kò séwu. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń tajà: ẹ́ńjìnnì, jíà, bíréèkì, sítíárìn, bí ọ̀kankan bá yọnu kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹ gbé e wá fún mi, màá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ni kó kọ́kọ́ kàn án o. Kí ọwọ́ ẹlòmíràn má wọ̀ ọ́."

Ìyá Rọra ní òun gbà. Kò-Séwu wá fún un ní ìwé kan kó fọwọ́ sí, pé bí òun ṣe rí ọkọ̀ ni òun ṣe rà á. Ó fọwọ́ sí i. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bi kànga léèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Oṣù kejì rèé tí ọkọ̀ wá gbá gọ́tà yìí. Wọ́n wá ọkọ̀ mìíràn kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, kò sẹ́ni tó fara pa. Ìyá Rọra jókòó sétí gọ́tà, ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

Àbúrò yìí, mẹkáníìkì ni. Síkúrù ni wọ́n ń pè é, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ibi tó há tí ẹlòmíì ò lè wọ̀, yóò yí ara wọ ọ́. Ó dé, ó dojú délẹ̀, ó yí wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, wọ́n ta ikú fún yín."

Irin tó so sítíárìn mọ́ táyà òsì ló ṣẹ́ sí méjì. Ó ti ṣẹ́ rí tẹ́lẹ̀, ẹnìkan ló fi iná jó o pọ̀, tó fi ọ̀dà dúdú kùn ún kó lè dà bí tuntun. Ìyá Rọra gbà á, ó yí i lọ́wọ́ síwá sẹ́yìn, ó dá a padà fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ rèé. Ìfẹ́ ló sì bà á jẹ́, kì í ṣe ìkórìíra. Síkúrù ò lè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó jókòó sílé láìríṣẹ́ ṣe lọ́la. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló ti ra irin tuntun, tó ti fi í sí i. Ní ti irin àtijọ́, òfin ọgbà mẹkáníìkì ni pé ohun tí o bá tú kúrò lára ọkọ̀ oníbàárà, tìẹ ni. Inú dúrọ́ọ̀mù ló ń lọ, ẹni tó ń ra irin àtijọ́ á wá kó o. Ọwọ́ Síkúrù mọ ọ̀nà dúrọ́ọ̀mù ju ọ̀nà ẹnu rẹ̀ lọ. Ó jù ú síbẹ̀, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ọkọ̀ oní-irin ti kó dúrọ́ọ̀mù lọ, wọ́n ti dà á pọ̀ mọ́ irin ẹlòmíràn.

Ìyá Rọra ò tíì mọ̀. Ó wọṣọ, ó fi ìbínú wé gèlè, ó gba ọ̀dọ̀ Kò-Séwu lọ.

"Ọmọkùnrin yìí, irin tí wọ́n jó pọ̀ lo tà fún mi. Èmi àti ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ pa."

Kò-Séwu gbé àga fún un. Ó ní kó jókòó. Kò jókòó.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ọlọ́run ló yọ wá. Mọ́tò náà dà, ká tún un ṣe?"

"Wọ́n ti tún un ṣe."

"Àwọn wo?"

"Àbúrò mi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn burú ju ìgbájú lọ. "Irin tó ṣẹ́ ọ̀hún ńkọ́?"

Ìyá Rọra pe Síkúrù lórí fóònù níbẹ̀. Gbogbo èèyàn gbọ́ bí ohùn àbúrò ṣe rọ wọlẹ̀: "Àǹtí... wọ́n ti kó o lọ."

"Ṣé ẹ rí i báyìí?" ni Kò-Séwu wí. "Èmi ò sọ pé mi ò ní tún un ṣe o. Mo ní kí ẹ gbé e wá. Ẹ gbé e lọ bá ìbátan. Ìbátan tú u, ó sọ irin nù. Kí ni mo fẹ́ máa wò? Ta ló mọ̀ bóyá ẹ ti kọ́kọ́ gbá gọ́tà kí irin tó ṣẹ́? Ojú ọkọ lè máa ṣú nínú ilé kan kó sì ran ìyàwó."

Àwọn tó jókòó lábẹ́ ibòji rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ò dúró sí ọgbà ọkọ̀. Ó lẹ́sẹ̀ ju mọ́tò tó tà lọ. Kí Ìyá Rọra tó délé, ó ti dé ilé ìwé. Ọ̀gá ilé ìwé pè é. Obìnrin ni ọ̀gá yìí, ó máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bu iyọ̀.

"Màmá, mi ò pè yín ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ń béèrè bóyá ọkọ̀ ló kọ̀ tàbí ọwọ́ yín. Títí ó fi máa hàn, ẹ sinmi ná. A ti rí dírẹ́bà mìíràn."

"Bí kò bá wá hàn ńkọ́?"

Ọ̀gá ilé ìwé ṣí ìlẹ̀kùn fún un.

Nílé, baálé jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó yí etí sí i bó ṣe wọlé.

"Bo ṣe ju bàtà sílẹ̀ yẹn, wọ́n ti lé ọ."

"Wọn ò lé mi. Wọ́n ní kí n sinmi."

"Wọ́n sọ fún èmi náà bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣì ń sinmi."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Kì í ṣe torí ọkọ̀ ló ṣe ń sunkún. Ó ti fi ọwọ́ yìí gbé ọmọ lọ gbé ọmọ bọ̀, àwọn tó kọ́kọ́ gbé ti ń bímọ. Wọ́n wá ń sọ pé ọwọ́ náà ló kọ̀. Ó búra pé kò sí ohun tó máa mú Kò-Séwu fọwọ́ kan ọkọ̀ òun mọ́ láyé.

"Má búra tán," ni baálé wí. "Ìwọ àti Síkúrù ti fi ìwàǹwára ba ẹjọ́ tó dára jẹ́. Lọ bá ìjọba."

Ọ́fíìsì kan wà tí wọ́n ti ń dá sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tà àti àwọn tó ń rà. Yàrá gbọọrọ ni, bẹ́ǹṣì ló kún ibẹ̀, fáànù òkè ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Obìnrin kan tó so gíláàsì mọ́ okùn lọ́rùn ló ń gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n pe Kò-Séwu, ó wá, ó gbé ìwé tí Ìyá Rọra fọwọ́ sí kalẹ̀.

Onígíláàsì kà á, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìwé yìí ń sọ ohun tí ojú rí. Ojú ò rí ohun tí ọ̀dà bò. Ẹni tó bá ta ọkọ̀ tó ní àbùkù abẹ́lẹ̀, tó lè gbẹ̀mí, òun ló máa tún un ṣe, ó mọ̀ o, kò mọ̀ o."

Ìyá Rọra mí kanlẹ̀.

"Ẹ má tíì mí, Màmá. Ẹ̀yin náà ní tiyín. Ẹni tó tà á ló ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ tún un ṣe. Ẹ ò fún un láàyè. Ẹ sì sọ pé irin jíjó ni, irin ọ̀hún dà? Ẹni tó bá sọ pé ejò wà nínú àpò, yóò tú àpò fún wa."

Síkúrù tó ń fọwọ́ fa etí ara rẹ̀ láti àárọ̀ ló wá lanu sọ̀rọ̀.

"Mà, apá òsì nìkan ni mo tú. Irin apá ọ̀tún ṣì wà lára ọkọ̀. Ọ̀dà dúdú kan náà ló wà lára rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án, torí kò tíì ṣẹ́."

Ojú Kò-Séwu yí padà wéré, ó tún dán. "Ó dára bẹ́ẹ̀! Kí Màmá gbé mọ́tò wá fún mi. Ẹ̀tọ́ mi ni, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Kí ó fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi di ọ̀la, màá yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ọ̀fẹ́."

"Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni," ni onígíláàsì wí. "Bí ẹ bá kọ̀, Màmá, ẹjọ́ yìí ti tán."

Ìyá Rọra rí pàkúté náà kedere. Bó bá kọ̀, ọwọ́ òun ló jẹ̀bi títí ayé. Bó bá fi ọkọ̀ sílẹ̀, irin tuntun ni wọ́n máa bá lábẹ́ rẹ̀ lọ́la, Kò-Séwu á sì ní bẹ́ẹ̀ ló wà láti ilẹ̀. Ó sì tún ku èyí tó ń já a láyà jù, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: bí wọ́n bá tú u lóòótọ́, tí irin ọ̀tún wá jẹ́ ojúlówó ńkọ́?

"Mà, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Òfin ní kí n gbé ọkọ̀ fún un. Ṣé òfin ní kí n yọ ojú mi kúrò lára rẹ̀?"

Onígíláàsì gbé gíláàsì sójú, ó wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. "Rárá. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣeun. Á tún un ṣe lójú mi."

Wọ́n ní kí Síkúrù má fọwọ́ kan nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, tí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sí ọgbà Kò-Séwu, òdìkejì títì ló dúró sí, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ní kó má jẹ ẹran. Ìyá Rọra gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ lọ, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọ̀tún, ó jókòó. Kò mu omi láti òwúrọ̀, kí ìtọ̀ má baà gbé e dìde.

Kò-Séwu ò kánjú. Ó ní mẹkáníìkì òun ń jẹun lọ́wọ́. Ó jẹun tán, jáàkì ò sí ńlẹ̀. Jáàkì dé, sípánà ò bá a mu. Oòrùn ń ta, Kò-Séwu ń rọ Ìyá Rọra.

"Màmá, fáànù wà nínú ọ́fíìsì mi. Ẹ lọ na ẹ̀yìn díẹ̀. Kò séwu."

"Ẹ̀yìn mi ò dùn mí."

"Ẹ mu omi tútù."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

Ètè rẹ̀ ti funfun bí ẹfun níbi tó ti ń sọ ọ́. Ìgbà tó yá, ọmọ ọ́fíìsì kan sáré wá, ó ní ọ̀gá ilé ìwé wà lẹ́nu géètì, ó ń pe Màmá kíákíá.

Ìyá Rọra rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti tún gbé tuntun dé. Sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé èmi ni mo jókòó, òun ló lẹ́sẹ̀. Kó máa bọ̀."

Òótọ́ sì lọmọ náà ń sọ! Ọ̀gá ilé ìwé wọlé tìbínú-tìbínú, ó ń fi ọwọ́ gbọn eruku kúrò láṣọ. Dírẹ́bà tuntun tí wọ́n gbà ti gbàgbé ọmọ kan sójú ọ̀nà, àwọn òbí ò jẹ́ kó gbádùn, ló fi ní kóun wá fojú ara òun wo ibi tọ́rọ̀ yìí dé.

"Màmá, èmi lẹ ní kí n máa bọ̀?"

"Ẹ dárí jì mí, Mà. Mo rò pé irọ́ ni wọ́n pa. Ẹ sún mọ́bí, ẹ bá mi wo abẹ́ yìí."

Kò-Séwu ò rí ọ̀nà sá mọ́. Mẹkáníìkì rẹ̀, bàbá kan tó máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, gbé ọkọ̀ sókè, ó tú táyà, ó tú irin náà. Ó dì í mú. Ó dúdú, ó ń dán, kò sí àbàwọ́n kan lára rẹ̀. Ìyá Rọra na ọrùn wò ó.

"Ẹ rí i?" ni Kò-Séwu wí. "Irin gidi. Dá a padà síbẹ̀, bàbá."

"Ẹ ha ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò," ni Ìyá Rọra wí.

"Wọ́n ní ká tún ọkọ̀ ṣe, wọn ò ní ká ha irin. Dá a padà!"

Bàbá oníkọ́ ò dá a padà. Ó fi àtàǹpàkò wá ibì kan lára irin náà, ó dúró síbẹ̀. Ó wúkọ́. "Ọ̀gá, èmi ni mo máa fi í sí i. Bó bá pa ọmọ ọlọ́mọ, ọwọ́ mi ni wọ́n máa wò." Ó mú fáìlì, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dà bọ́. Ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó o pọ̀ hàn gbangba, ó wú gọnbu-gọnbu bí àpá iṣẹ́ abẹ tí dókítà tí kò nísùúrù rán.

Ọ̀gá ilé ìwé tẹ orí wò ó. "Ṣé èyí tó ṣẹ́ lápá òsì rí báyìí?"

"Ìbejì ni wọ́n!" ni Síkúrù ké láti òdìkejì títì. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn.

Kò-Séwu bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó ní òun ò mọ̀, bí òun náà ṣe rà á nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ẹni tó fi òróró pa táyà lè má tíì wo abẹ́ ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ fún un: ó mọ̀ o, kò mọ̀ o. Ojú gbogbo wọn ló ti fi irin tuntun sí apá ọ̀tún, tí bàbá sì yẹ gbogbo iwájú ọkọ̀ wò. Ní ti apá òsì, nígbà tí wọ́n padà dé ọ́fíìsì, onígíláàsì ní Kò-Séwu ò ní san owó iṣẹ́ Síkúrù, torí Ìyá Rọra àti àbúrò rẹ̀ ló gba iwájú rẹ̀ ṣe é. Kò sì ní gba ọkọ̀ padà, nígbà tó ti tún un ṣe. Ìyá Rọra ló ni ọkọ̀ rẹ̀, tòun ti ìbínú rẹ̀. Ó ráhùn dé ẹnu ọ̀nà, ó gbà.

Ọ̀gá ilé ìwé ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Sísọ pé kó padà rọrùn o. Àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà, àwọn ọmọ tó jáde ò tó ìdajì tàtẹ̀yìnwá. Níwájú ilé kan, ìyá kan di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú pinpin, kò fi í sílẹ̀, kò sì ní kí ọkọ̀ máa lọ.

"Màmá, ẹ kú àárọ̀. Ta ló tún un ṣe?"

"Ẹni tó tà á fún mi ló tún apá kan ṣe. Àbúrò mi ló tún apá kejì ṣe."

"Èwo lẹ fọkàn tán nínú àwọn méjèèjì?"

"Kò sí. Èmi fúnra mi ni mo wọ abẹ́ rẹ̀ wò kí n tó gbéra láàárọ̀ yìí."

Obìnrin náà wo ẹ̀yìn aṣọ Ìyá Rọra. Iyẹ̀pẹ̀ wà níbẹ̀ láti èjìká dé ìdí. Ó dúró, ó ń rò ó. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé àwọn ti pẹ́. Ìyá Rọra ò bẹ̀ ẹ́. Ó fọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn, ó ń wo iwájú.

Obìnrin yẹn ṣílẹ̀kùn. Ó gbé ọmọ wọlé. Òun náà wá gbé ẹsẹ̀ wọlé tẹ̀lé e, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀.

"Mo máa bá yín lọ lónìí."

"Àyè wà," ni Ìyá Rọra wí. "Ẹ tilẹ̀kùn dáadáa."

Ó gbé ọkọ̀ sọ́nà.